Yíyan Tẹlifíṣọ̀n Olójú Ńlá ní Pobè àti Sakété: Irú Ojú Rẹ̀, Iye Píkísẹ́lì Rẹ̀ àti Ohun Tó Ń Gbà

Ẹni tó bá fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n olójú ńlá ní Pobè tàbí ní Sakété, ní ẹkùn Plateau tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, lè rà á láti Kútọnu, ó lè rà á láti Àjàṣẹ́ tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ó sì lè rà á láti ọjà Alábà ní Èkó kó gbé e gba ẹnubodè Ìdí-Ìrókò wọlé. Ibi yòówù kó ti rà á, páálí tí wọ́n fi dì í kò ní ṣàìní àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà gàdàgbà lára: HD, Full HD, 4K, 8K, LED, QLED, OLED. Àwọn tó ń tà á máa ń ka nǹkan wọ̀nyí sókè bí ẹni pé bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni tẹlifíṣọ̀n ṣe dára tó, olùrajà náà a sì máa gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n dà pọ̀ sójú kan. Nọ́ńbà ń sọ iye ojúkò kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Lẹ́tà ń sọ ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde láti ojú ẹ̀rọ náà. Nínú méjèèjì, èyí tí páálí ń pariwo jù, ìyẹn nọ́ńbà, ni èyí tó yẹ kí olùrajà bi léèrè kẹ́yìn.

Ìbéèrè tó ṣíwájú ìyókù ni ti ohun tí tẹlifíṣọ̀n náà yóò máa gbà, nítorí pé kò sí ojú tẹlifíṣọ̀n tó lè mú àwòrán dára kọjá bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí i. Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní agbègbè ààlà yìí. Western Nigeria Television bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà tó jẹ́ pé ìparí ọdún 1978 ni tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè Benin tó bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà yan ìlànà ìgbéjáde tí wọ́n ń pè ní PAL B. Benin tẹ̀lé ọ̀nà àwọn Faransé, ó yan SECAM K. Ìlà 625 ni àwòrán ìlànà méjèèjì ní, àwòrán 25 ló sì ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so àwọ̀ mọ́ àwòrán yàtọ̀, ìgbì ohùn sì jìnnà sí ìgbì àwòrán ní megahertz 5.5 nínú ti Nàìjíríà, ní megahertz 6.5 nínú ti Benin. Ohun tí èyí já sí nínú ilé nígbà náà ni pé tẹlifíṣọ̀n tó mọ PAL B nìkan, tí ẹnì kan rà ní Èkó gbé wá sí Sakété, yóò fi àwòrán Kútọnu hàn ní dúdú àti funfun, láìsí ohùn tó mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó mọ SECAM K nìkan yóò ṣe sí ìkànnì Nàìjíríà tí afẹ́fẹ́ bá gbé kọjá ààlà. Ẹni tó bá fẹ́ máa wo ìhà méjèèjì kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó ra ẹ̀rọ tó mọ ìlànà púpọ̀ lọ, kódà bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ ga díẹ̀.

Ìgbà ti yí padà. Ìgbéjáde oní-nọ́ńbà ti ń gba ipò ti àtijọ́, ìlànà kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní DVB-T2, sì ni Benin àti Nàìjíríà yàn fún èyí tó ń gba orí ilẹ̀ wá sí eríàlì. Ìyẹn ni pé ìjà PAL àti SECAM ti parí, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ṣì wà: ṣé ohun tó ń gba ìgbì wọlé nínú tẹlifíṣọ̀n náà mọ DVB-T2? Tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ tó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá lè mọ̀ ọ́n tàbí kó mọ DVB-T àkọ́kọ́ nìkan, èyí tí kò tó. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, ATSC ni tirẹ̀, kò sì ní rí ìkànnì kankan gbà ní Pobè láìsí dìkódà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà tún ní àléébù kejì, nítorí pé fọ́ọ̀tì 120 nìkan ni wọ́n ṣe àwọn kan lára wọn fún, tí wọ́n bá sì kì í bọ iná Benin tó jẹ́ fọ́ọ̀tì 220, èéfín ni yóò kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe àwòrán. Ìwé tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ni kí olùrajà kà. Bí ó bá rí «100–240 V» níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ní ti iná.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ píkísẹ́lì kàn. Píkísẹ́lì ni orúkọ tí wọ́n ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ojúkò kéékèèké tó tò ní ìbú àti ní òòró lójú tẹlifíṣọ̀n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń mú àwọ̀ kan ṣoṣo jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí àpapọ̀ wọn sì di àwòrán. Bí ènìyàn bá gbé kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n tó ń fi ohun funfun hàn, tó sì mú kí fóònù náà fẹ àwòrán lójú, yóò rí i pé kò sí funfun kankan níbẹ̀: ọ̀pá tín-ín-rín pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti àwọ̀ aró ló tò tẹ̀lé ara wọn láìdáwọ́ dúró, mẹ́ta-mẹ́ta sì ni wọ́n ń para pọ̀ di píkísẹ́lì kan. Ojú ènìyàn ló ń po àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di funfun.

Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní HD ní píkísẹ́lì 1280 ní ìbú àti 720 ní òòró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn olójú íǹṣì 32 tó wà lọ́jà ní 1366 sí 768. Full HD ní 1920 sí 1080, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,073,600. 4K ní 3840 sí 2160, ìyẹn 8,294,400. 8K sì ní 7680 sí 4320, ìyẹn 33,177,600. Ó yẹ kí ènìyàn fura sí bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe yí ọ̀nà ìkà padà láàárín ọ̀nà: 720 àti 1080 jẹ́ iye ìlà tó wà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí 4K, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka láti apá òsì dé apá ọ̀tún, kí nọ́ńbà lè dà bí ohun tó fò lọ sókè fíofío. Ìlọ́po méjì péré ni 4K fi ju Full HD lọ ní ìbú, ìlọ́po méjì náà ni ní òòró.

Nísinsìnyí, kí ni àwọn ará Pobè àti Sakété ń wò? Ìkànnì Benin wà, ti Nàìjíríà wà, àwọn tó ń sanwó fún Canal+ tàbí StarTimes wà, fíìmù Yorùbá láti Nàìjíríà sì wà, èyí tí àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin, ń gbọ́ láìnílò ògbufọ̀. Púpọ̀ nínú fíìmù Yorùbá tí wọ́n ti ṣe láti ìgbà pípẹ́ ló gba orí VCD dé ọwọ́ àwọn ènìyàn, píkísẹ́lì 352 sí 288 péré sì ni VCD gbà, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 101,376. Bí wọ́n bá gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n 4K, ojúkò kan ṣoṣo nínú fíìmù náà gbọ́dọ̀ kún àyè bí 82 lójú ẹ̀rọ. Ibo ni ìyókù yóò ti wá? Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa méfò, tí yóò máa fi ohun tó wà lápá òsì àti lápá ọ̀tún ro ohun tó yẹ kó wà láàárín. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní upscaling, ọpọlọ inú tẹlifíṣọ̀n ló sì ń ṣe é. Ọpọlọ tó dára a máa ṣe é débi tí kò fi ní hàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú a máa fọ ojú àwọn òṣèré dán bí ìda àbẹ́là, tí ìlà ojú, irùngbọ̀n àti ọnà ara gèlè yóò parẹ́ pọ̀. Tẹlifíṣọ̀n Full HD kékeré a máa fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ hàn dáadáa ju 4K ńlá aláìlọ́pọlọ lọ, nítorí pé ohun tó ní láti méfò kéré. Ti DVD sàn díẹ̀: píkísẹ́lì 720 sí 576 ni, irú èyí náà sì ni ọ̀pọ̀ ìkànnì lásán tí kì í ṣe HD ń gbé jáde.

Ẹni tó bá ní i lọ́kàn láti máa wo 4K gidi, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀, ìdíwọ̀n sì wà fún un. Netflix sọ pé kí ìsopọ̀ ẹni tó fẹ́ wo 4K tó mégábíìtì 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí 5 tó fún Full HD. Wákàtí kan 4K sì lè jẹ tó gígábáìtì 7. Ẹni tó ń ra dátà MTN, Moov tàbí Celtiis sórí fóònù, tó wá ń ti ibẹ̀ pín in fún tẹlifíṣọ̀n, yóò ti mọ ohun tí fíìmù wákàtí méjì máa ná an kó tó parí. Ní ti 8K, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Ilé-iṣẹ́ NHK ní Japan bẹ̀rẹ̀ ìkànnì 8K ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ṣùgbọ́n kò sí ìkànnì 8K kankan tó ń dé Plateau, ẹni tó bá sì ra irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ìméfò ló fowó rà.

Bí ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ bá tilẹ̀ dára, ojú ènìyàn ní ìwọ̀n. Àwọn onímọ̀ gbà pé ojú tó dá ṣáká lè ya ojúkò méjì sọ́tọ̀ kìkì bí àlàfo tó wà láàárín wọn kò bá kéré sí ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì láti ibi tí ènìyàn jókòó sí. Ìṣirò tó ti ibẹ̀ jáde kò nira. Íǹṣì, tí àwọn tó ń fi èdè Faransé tajà ní Benin ń pè ní «pouce», jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, igun dé igun ni wọ́n sì fi ń wọn ojú tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe ìbú rẹ̀. Olójú íǹṣì 55 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 122 ní ìbú, nítorí náà bí ó bá jẹ́ Full HD, píkísẹ́lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 0.63, ẹni tó bá sì jókòó ju mítà 2.2 lọ sí i kò lè rí àlàfo láàárín wọn mọ́. Bí ó bá jẹ́ 4K, àfi kí onítọ̀hún sún mọ́ ọn tó mítà 1.1 kí gbogbo àǹfààní rẹ̀ tó hàn sí i. Fún olójú íǹṣì 43, mítà 1.7 ni ti Full HD. Fún íǹṣì 65, mítà 2.6, fún íǹṣì 75, nǹkan bí mítà mẹ́ta. Bí àga bá wà ní mítà mẹ́ta sí ògiri tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́, kò sí ìyàtọ̀ tí ojú lásán lè rí láàárín Full HD àti 4K lórí olójú íǹṣì 43 tàbí 55, tí ohun gbogbo yòókù bá dọ́gba.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ohun gbogbo yòókù kì í dọ́gba. Láti íǹṣì 50 sókè, ó ti ṣòro láti rí tẹlifíṣọ̀n tuntun tí kì í ṣe 4K lọ́jà, àwọn ilé-iṣẹ́ sì sábà máa ń fi ìmọ́lẹ̀ tó dára jù, àwọ̀ tó jinlẹ̀ jù àti ọpọlọ tó yá jù sínú wọn. Ẹni tó bá rí i pé 4K tí òun gbé wálé mọ́ ju ti àtijọ́ lọ kò ṣìnà, àmọ́ kì í ṣe píkísẹ́lì ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ojú tẹlifíṣọ̀n náà ni.

Àwọn oríṣi ojú tẹlifíṣọ̀n tó ti kọjá pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ kí ènìyàn dárúkọ, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ará Benin àti Nàìjíríà ń pe tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ gbogbo ní «plasma». Plasma gidi ni èyí tí afẹ́fẹ́ inú ihò kéékèèké rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ nígbà tí iná bá gbà á kọjá. Dúdú rẹ̀ jinlẹ̀, bọ́ọ̀lù kì í sì í fà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń gbóná, ó sì ń jẹ iná púpọ̀. Panasonic dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ìparí ọdún 2013, Samsung àti LG tẹ̀lé e ní 2014. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń ta plasma gidi lónìí, tòkunbọ̀ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá ló ń tà.

Èyí tó gba ọjà kan ni LCD. Kírísítà olómi ló wà nínú rẹ̀, èyí tí kì í mú ìmọ́lẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣí, ó ń tì fún ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀. Àwọn gílóòbù LED kéékèèké ló ń pèsè ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn yẹn, ìdí sì nìyẹn tí páálí fi ń sọ «LED TV», bó tilẹ̀ jẹ́ pé LCD náà ni. Kò sí bí kírísítà ṣe lè tì pátápátá, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni yóò máa yọ́ jáde, èyí ló sì fà á tí òru inú fíìmù fi máa ń rí bí eérú lórí tẹlifíṣọ̀n olówó kékeré. Oríṣi méjì ni kírísítà náà sábà máa ń jẹ́. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní IPS, funfun mọ́ ju dúdú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1000. Nínú VA, ó máa ń lé ní ìlọ́po 3000. Dúdú VA jinlẹ̀ ju ti IPS lọ gan-an, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kúrò níwájú rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá, nígbà tí IPS kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ibí yìí gan-an ló yẹ kí olùrajà ti ro ilé rẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kan bí àwọn ènìyàn ṣe ń jókòó. Tọkọtaya àti ọmọ méjì tó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n lórí àga gígùn kan kò ní ìṣòro pẹ̀lú VA. Ṣùgbọ́n agbo ilé tí àwọn aládùúgbò máa ń rọ́ wá nígbà tí àwọn Ẹkùn Chita, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Benin, bá ń gbá bọ́ọ̀lù, tí àwọn kan jókòó sórí ẹní, tí àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn kan sì ń yọjú láti ojú fèrèsé, IPS ló bá a mu, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti ilé ọtí tí àga rẹ̀ yí tẹlifíṣọ̀n ká. Páálí kì í sábà sọ èwo ni èwo. Kí olùrajà dúró sí apá kan ṣọ́ọ̀bù kó wò ó láti ẹ̀gbẹ́: bí àwọ̀ ara ènìyàn bá ṣá bí ó ti ń rìn lọ, VA ni.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn wà náà ń mú ìyàtọ̀ wá. Nínú àwọn kan, etí ojú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n to LED sí, kí ẹ̀rọ náà lè tín-ín-rín. Nínú àwọn mìíràn, wọ́n tò ó kárí ẹ̀yìn. Èyí tó kárí ẹ̀yìn lè pín sí àgbègbè-àgbègbè, tí ẹ̀rọ yóò máa dín ìmọ́lẹ̀ kù níbi tí àwòrán bá ti ṣókùnkùn, tí yóò sì jẹ́ kó tàn níbi tó bá yẹ; local dimming ni orúkọ tí páálí ń pè é. Bí àwọn LED náà bá kéré gan-an tí àgbègbè wọn sì tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹ̀rún, wọ́n á pè é ní Mini-LED. Bí àgbègbè náà bá kéré níye, ènìyàn yóò rí òbìrí ìmọ́lẹ̀ yí ọ̀rọ̀ funfun tó wà nísàlẹ̀ fíìmù ká, ohun tó máa ń yọ ẹni tó bá ń ka ìtumọ̀ Faransé lórí fíìmù òkèèrè lẹ́nu. QLED náà kì í ṣe ìran mìíràn: LCD ni, tí wọ́n fi ìpele àwọn kírísítà tó kéré jọjọ, tí wọ́n ń pè ní quantum dot, sáàárín kí pupa àti ewé rẹ̀ lè dá ṣáká. Iṣẹ́ lórí kírísítà wọ̀nyí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Bawendi, Brus àti Ekimov nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní ọdún 2023. Ẹ̀bùn náà tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n lẹ́tà Q kò sọ ohunkóhun nípa bí dúdú tẹlifíṣọ̀n náà ṣe jinlẹ̀ tó.

OLED ni ìran tó yàtọ̀. Píkísẹ́lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì ní iná ẹ̀yìn rárá, nítorí náà bí ó bá yẹ kí ibì kan dúdú, ẹ̀rọ yóò kàn pa á ni. LG bẹ̀rẹ̀ sí í ta olójú íǹṣì 55 rẹ̀ ní ọdún 2013, Samsung àti Sony sì gbé èyí tí wọ́n pò mọ́ quantum dot jáde ní 2022. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kò sí ojú tẹlifíṣọ̀n tó dùn-ún wò tó o. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ní ẹ̀gbẹ́ tí kò bá Plateau mu. Àkọ́kọ́ ni pé àmì ìkànnì tàbí ìlà ìròyìn tó bá dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́ lè fi àpá sílẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ kí ilé kan tan ìkànnì kan láti àárọ̀ dalẹ́. Èkejì kò hàn sí púpọ̀ ènìyàn: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lò ó fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, OLED máa ń tún píkísẹ́lì rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi rìmóòtù pa á, èyí tó gba pé kí iná ṣì wà lára rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti máa ń fa wáyà yọ lára ògiri lálẹ́ nítorí ẹ̀rù àrá, tàbí tí iná ti máa ń lọ kí wọ́n tó sùn, ń fi àtúnṣe yìí dù ú, àpá yóò sì tètè dé.

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tún wà níbẹ̀. «Nit» ni wọ́n fi ń wọn bí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣe mọ́lẹ̀ tó. LED olówó kékeré máa ń wà ní nǹkan bí 250 sí 300, Mini-LED tó dára sì máa ń lé ní 1000. Yàrá ìgbàlejò tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án, tí oòrùn ń ti àgbàlá tàn wọlé, yóò borí nit 250 láìṣe wàhálà, dúdú jíjinlẹ̀ OLED pàápàá kò sì ní hàn níbẹ̀ nítorí pé òjìji ilẹ̀kùn ni ènìyàn yóò máa rí lójú rẹ̀. Nit tó pọ̀ náà ni ohun tí HDR nílò, ìyẹn ọ̀nà gbígbé àwòrán jáde tó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn jìnnà síra. Ọ̀rọ̀ «HDR» lára páálí tẹlifíṣọ̀n nit 250 túmọ̀ sí pé ó lè ka àmì náà; kò túmọ̀ sí pé ó lè fi í hàn.

Ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ fojú fo Hz dá, ìyẹn iye ìgbà tí ojú tẹlifíṣọ̀n ń pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti olówó kékeré jẹ́ 50 tàbí 60, ti olówó gọbọi 100 tàbí 120. Àwọn nọ́ńbà bí «Motion Rate 200» jẹ́ orúkọ ìpolówó lásán.

Ọ̀rọ̀ iná ní ẹwà tirẹ̀ ní Sakété. Ní ọdún 2007 ni wọ́n tan wáyà iná alágbára fọ́ọ̀tì 330,000 tó so Ìkẹjà West ní Èkó mọ́ ibùdó iná tó wà ní Sakété, kí Communauté Électrique du Bénin, ilé-iṣẹ́ tí Benin àti Togo jọ dá sílẹ̀, lè máa gba iná wọlé fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ẹnu ọ̀nà iná ni ìlú náà, síbẹ̀ ohun tó ń dé ìdí tẹlifíṣọ̀n ní ìpẹ̀kun wáyà abúlé kan lè kéré sí fọ́ọ̀tì 220 nígbà tí gbogbo ilé bá tan iná lálẹ́. Ẹ̀rọ tó ní 100–240 V lẹ́yìn kò ní í bìkítà fún èyí, kò sì nílò sìtébíláísà ńlá. Ohun tó ń ba irú rẹ̀ jẹ́ ni iná tó fò sókè lójijì nígbà tí ó bá ń padà bọ̀, àti àrá tó gba orí eríàlì wọlé, nítorí náà ohun ìdáàbòbò tó ń gé iná tó bá pọ̀ jù, tó sì ń dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó jẹ́ kó wọlé, wúlò ju sìtébíláísà tó ń pariwo lọ. Fún àwọn tó ń lo iná oòrùn, olójú íǹṣì 55 LED máa ń jẹ nǹkan bí wáàtì 100 sí 130. Bí wọ́n bá wò ó fún wákàtí márùn-ún, ó ti tó wáàtì-wákàtí 500 sí 650, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí bátìrì olójé fọ́ọ̀tì 12 tó jẹ́ 100 Ah lè fi sílẹ̀ láìbàjẹ́. Olójú íǹṣì 43 yóò jẹ ìdajì rẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, fídíò tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún ìpolówó kì í ṣe ohun tó yẹ kí ènìyàn fi ṣe ìdájọ́, nítorí pé wọ́n yan òdòdó, omi àti ẹyẹ tó mọ́ jù lágbàáyé sínú rẹ̀, wọ́n sì ti gbé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ dé góńgó. Kí olùrajà gbé ọ̀pá USB dání, kó fi àwòrán dúdú pátápátá, àwòrán eérú àti fíìmù Yorùbá kan tó mọ̀ dáadáa sínú rẹ̀. Àwòrán dúdú yóò fi ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jò hàn, ti eérú yóò fi ìlà àti àbàwọ́n hàn, fíìmù yóò sì sọ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe tó. Kó sún mọ́ ọn fi kámẹ́rà fóònù wo píkísẹ́lì rẹ̀, nítorí pé àwọn kan wà tí páálí wọn sọ 4K nítorí pé wọ́n lè gba fíìmù 4K wọlé, nígbà tó jẹ́ pé píkísẹ́lì 1366 sí 768 ló wà lójú wọn. Bí ó bá ti Alábà wá, orí wáyà rẹ̀ yóò jẹ́ onígi mẹ́ta bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí kò wọ ihò iná Benin. Kó ra èyí tó bá a mu, kó má gé wáyà. Bí ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan bá ni yóò gbé e relé, ìnàró ni kí wọ́n gbé e, kì í ṣe ìdùbúlẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ihò kan ṣoṣo ní ojú ọ̀nà tó láti fọ́ ojú rẹ̀ láìjẹ́ pé páálí ya.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó ń wo ìkànnì lásán àti fíìmù Yorùbá láti mítà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta, kò ṣìnà bí ó bá ra Full HD íǹṣì 43 oní-VA tó mọ DVB-T2, láti ilé-iṣẹ́ tí ẹni tó lè tún un ṣe wà ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Ẹni tí owó rẹ̀ tó, tí yàrá rẹ̀ sì ń gba oòrùn, Mini-LED íǹṣì 55 tàbí 65 ni kó rà, kó fi OLED sílẹ̀ fún ẹni tó ní iná tí kì í lọ àti yàrá tó lè ṣókùnkùn. 8K kò yẹ ní rírà. Kí onítọ̀hún má sì ṣe ka owó fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó tan tẹlifíṣọ̀n náà fún un lórí ìkànnì tí òun fúnra rẹ̀ ń wò nílé.